Bí A Ṣe Ń Háyà Kẹ̀kẹ́ Láti Fi Wo Ìlú Hội An ní Vietnam

Bí ẹ bá fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wo Hội An, ẹ ò tíì rí i. Bí ẹ bá sì fi ẹsẹ̀ nìkan rìn ín, ìdajì rẹ̀ ló máa hàn sí yín. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló bá ìlú náà mu, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́, láti àárín ìlú dé òkun kò ju nǹkan bíi kìlómítà 5 lọ, oko ìrẹsì sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ilé bá ti tán.

Àárín gbùngbùn Vietnam ni ìlú yìí wà, létí odò Thu Bồn, nǹkan bíi kìlómítà 30 sí pápákọ̀ òfurufú Đà Nẵng. Èbúté ńlá ni láti ọ̀rúndún 15 títí wọ ọ̀rúndún 19. Àwọn oníṣòwò ará Ṣáínà àti Japan kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ń ra sílíìkì, wọ́n ń ta àwo. Nígbà tó yá, iyanrìn di ojú odò, ọkọ̀ ńlá ò rí ọ̀nà wọlé mọ́, òwò bá ṣí lọ sí Đà Nẵng. Owó tí kò sí mọ́ yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n lè wó ilé àtijọ́ láti kọ́ tuntun. Ohun tó jọ ìyà nígbà náà ló wá di ọrọ̀ wọn: ní 1999, UNESCO kọ ìlú náà mọ́ ara ogún àgbáyé.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo ń fi rìn, èrò sì há mi mọ́ àárín òpópónà mẹ́ta pere. Ọjọ́ kẹta ni mo tó háyà kẹ̀kẹ́. Ohun tí ó wù mí kí ẹnì kan ti sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní ni mo kọ sílẹ̀ níbí.

Ẹ kọ́kọ́ mú oṣù tó dára

Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin ni ojú ọjọ́ tura jù fún ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́. Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹjọ, oòrùn ibẹ̀ le gan-an; tí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá ti lù, ooru á máa jáde láti inú ọ̀dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò lórí iná. Ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, òjò á rọ̀ débi pé odò Thu Bồn á gun orí títì. Òpópónà Bạch Đằng tó wà létí odò máa ń bọ́ sábẹ́ omi, ọkọ̀ ojú omi sì làwọn èèyàn á máa wà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bó bá jẹ́ oṣù wọ̀nyẹn nìkan lẹ ráyè, ẹ lè lọ, ṣùgbọ́n ẹ máa béèrè lọ́wọ́ onílé yín láràárọ̀ kí ẹ tó jáde.

Ní ti físà: láti oṣù kẹjọ 2023 ni ìjọba Vietnam ti ṣí físà orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ọmọ orílẹ̀-èdè gbogbo. Ó lè tó 90 ọjọ́, dọ́là 25 sì ni fún ẹni tó máa wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tètè ṣe é kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí ẹ ti máa rí kẹ̀kẹ́

Wíwá kẹ̀kẹ́ kò le ní Hội An. Ilé àlejò púpọ̀ ló ní èyí tí wọ́n ń fún àlejò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí tiyín ò bá ní, ẹ jáde sí títì, ẹ máa rí ṣọ́ọ̀bù tó to kẹ̀kẹ́ síwájú ìta pẹ̀lú pátákó tí wọ́n kọ «cho thuê xe đạp» sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ń háyà kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Owó ọjọ́ kan sábà máa ń jẹ́ 30,000 sí 50,000 đồng, owó ilẹ̀ Vietnam, èyí tí kò ju nǹkan bíi dọ́là 2 lọ. Ẹ lè dúnàá-dúrà díẹ̀ bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo àárọ̀ jà lórí iye tí kò tó owó omi inú ike.

Ẹ má tìtorí pé ọ̀fẹ́ ni kí ẹ gba kẹ̀kẹ́ ilé àlejò láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń jẹun lórí kẹ̀kẹ́ ló ń rántí fi òróró sí ṣéènì rẹ̀. Èyí tó kàn dúró sẹ́yìn ilé, tí òjò ń pa á, tí oòrùn ń pa á, ẹni tó máa gùn ún ló máa jìyà rẹ̀. Mo gba ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ti dá a padà kí n tó dé ìkóríta kejì.

Wọ́n á fi ọ̀kadà lọ̀ yín pẹ̀lú. Ọ̀kadà ń fẹ́ ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí òfin ibẹ̀ fọwọ́ sí, kẹ̀kẹ́ ò fẹ́ ìwé kankan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó wà lórí ọ̀kadà kì í gbọ́ ohùn ẹyẹ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, bó ti wù kí ẹni tó ń fà á lé yín lọ́wọ́ máa kánjú tó.

Bíréèkì ló ṣáájú. Ẹ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ẹ tì í síwájú, kí ẹ wá fún bíréèkì iwájú. Bó bá dáa, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ á fẹ́ gbéra nílẹ̀. Ẹ tún tì í, ẹ fún ti ẹ̀yìn: táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dúró, kó máa wọ́ nílẹ̀ dípò kó máa yí. Bí irin bíréèkì bá kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí táyà tó dúró, okùn rẹ̀ ti dẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fà á le tàbí kí wọ́n mú òmíràn wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ táyà méjèèjì. Bó bá ń wọlé bí ọsàn tó ti rọ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò tó. Pọ́ǹpù wà nílẹ̀, wọ́n á fún un lójú yín. Ẹ gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, ẹ fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì. Ṣéènì tó ní òróró kì í pariwo. Èyí tó bá ń ké rìkì-rìkì ti dípẹtà, ó sì lè já nígbà tí ẹ bá wà láàárín oko.

Àga ìjókòó ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń fojú fò. Kẹ̀kẹ́ ibẹ̀ sábà máa ń ní àga tó wálẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gùn ún kò ga púpọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gùn ún, díẹ̀ ló kù kí orúnkún mi máa kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, nígbà tí mo sì máa fi dé etí òkun, itan ti ń ro mí. Lọ́jọ́ kejì, màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù wò mí látòkè délẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí mi, ó gbé ọwọ́ náà lọ tààrà sí ibi àga kẹ̀kẹ́ láìjẹ́ kó lọ sókè tàbí kó wálẹ̀, ó rí i pé àga ṣì kù nílẹ̀ ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan. Ó mú sípánà, ó tú nọ́ọ̀tì, ó fa àga sókè títí ó fi kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì so ó le. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo máa ń ṣe nìyẹn: àga kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ bá eegun ìbàdí mi dọ́gba nígbà tí mo bá dúró tì í. Bí ẹ bá ti jókòó, tí gìgísẹ̀ yín wà lórí pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà tán. «Yên» ni wọ́n ń pe àga kẹ̀kẹ́ lédè wọn. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án tí ẹ sì gbé ọwọ́ sókè, ó ti yé wọn.

Bí ẹ bá wọ aṣọ tó gùn, ẹ wò ó bóyá irin tó bo ṣéènì ṣì wà. Ẹ wo kọ́kọ́rọ́ náà pẹ̀lú. Òrùka irin tó ń gba àárín táyà ẹ̀yìn kọjá ni wọ́n sábà fi ń ti kẹ̀kẹ́ ibẹ̀; kọ́kọ́rọ́ kì í jáde lára rẹ̀ àfi tí ẹ bá tì í. Ẹ tì í, ẹ ṣí i, lẹ́ẹ̀mejì, níwájú wọn. Ní ti iná, ọ̀pọ̀ ni kò ní, nítorí náà ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré tó ṣeé so mọ́ orí dání.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ya fọ́tò kẹ̀kẹ́ náà yíká, pẹ̀lú gbogbo ibi tó bá ti ha tàbí tó ti tẹ̀.

Owó àti ohun ìdógò

Ẹ má fi pásípọ́ọ̀tù yín dógò kẹ̀kẹ́. Mo tún un sọ: ẹ má fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ nǹkan dì mú, ẹ fún wọn ní ẹ̀dà rẹ̀ lórí bébà, tàbí kí ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ sì gba ìwé kékeré tí iye náà wà lórí rẹ̀. Kò sí kẹ̀kẹ́ elẹ́sẹ̀ kan tó níye lórí tó pásípọ́ọ̀tù ẹni tó wà nílẹ̀ àjèjì. Bí wọ́n bá ta kú, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e. Kò ní ju ìṣísẹ̀ ogún lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀ owó. Owó 20,000 đồng dúdú bí aró, owó 500,000 náà sì fẹ́ jọ ọ́, pàápàá lálẹ́ lábẹ́ iná fìtílà aláwọ̀ pupa. Ẹni tó bá fẹ́ san 20,000 tó wá yọ 500,000, ó ti san ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Èmi a máa kó ẹyọ 500,000 sí àpò ọ̀tọ̀ láàárọ̀, kí n tó jáde. Àmì tí ẹ lè fi dá 20,000 mọ̀ ni afárá onílé orí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Hội An gan-an ni afárá yẹn wà. Chùa Cầu ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Japan ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní nǹkan bí 1593, wọ́n tún un ṣe láìpẹ́ yìí, wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù kẹjọ 2024. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi kọjá lórí rẹ̀. Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ gbà á.

Ọ̀rọ̀ ẹnu díẹ̀

Ibí yìí ni àwa ọmọ Yorùbá ti ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ àlejò kò ní. Èdè olóhùn ni èdè Vietnam, bíi tiwa. Ọmọ Yorùbá tó mọ ìyàtọ̀ ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ ti mọ ìdí tí àṣìlò ohùn fi lè sọ ọ̀rọ̀ di òmíràn. Wọ́n ń fi àmì sórí lẹ́tà, wọ́n sì ń fi àmì sísàlẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìjọra yẹn tàn yín. Àmì ìsàlẹ̀ tiwọn kì í sọ fáwẹ́lì di òmíràn. Ohùn ló ń tọ́ka sí, ohùn tó wálẹ̀ tó sì já kúrú. Lẹ́tà «e» wọn dún bí ẹ tiwa, «ê» ló dún bí e. Bákan náà, «o» wọn ni ọ, «ô» sì ni o. Nítorí náà, «xe», tó túmọ̀ sí ohun tí a ń gùn tàbí tí a ń wọ̀, sẹ ni ẹ máa pè é, pẹ̀lú ohùn àárín. «Xe đạp» ni kẹ̀kẹ́ ológeere. «Bao nhiêu?» ni èló. «Một ngày» ni ọjọ́ kan. «Gửi xe» tàbí «giữ xe» lẹ máa rí lára pátákó níbi tí wọ́n ti ń páàkì. «Bơm» ni fífún táyà ní afẹ́fẹ́, «vá» ni lílẹ táyà, «cảm ơn» sì ni ẹ ṣeun.

Ohun tó tún dùn mọ́ mi nínú ni pé wọn kì í kàn pe èèyàn ní «ìwọ» lásán. Orúkọ ẹbí ni wọ́n fi ń pe ara wọn, àjèjì àti ojúlùmọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni «anh», ẹ̀gbọ́n obìnrin ni «chị», àbúrò ni «em», màmá tó ti dàgbà díẹ̀ ni «cô», ìyá àgbà sì ni «bà». Ẹ bá màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀, kí ẹ fi «cô» kún un, ẹ máa rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa tú ká. Ẹni tí wọ́n tọ́ nílé wa kò ní ṣàì mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí a ṣe ń gùn láàárín ọ̀kadà

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà ní Vietnam, bíi ti Nàìjíríà, Benin àti Togo. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló yẹ kí ẹ máa rán ara yín létí, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ọ̀nà tóóró.

Ọ̀kadà pọ̀ lọ bí eéṣú, wọ́n sì ń fọn fèrè. Ẹ má ka fèrè náà sí èébú. «Mo wà lẹ́yìn yín» ni wọ́n ń sọ. Èsì tó tọ́ ni pé kí ẹ má ṣe nǹkan kan: ẹ má fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dúró lójijì, ẹ kàn máa bá ẹ̀gbẹ́ títì lọ bí ẹ ṣe ń lọ. Wọ́n ti wo ibi tí ẹ máa dé, wọ́n sì ti ṣírò bí wọ́n ṣe máa yà yín. Ẹni tó bá yí ìrìn rẹ̀ padà lójijì ló ń ba ìṣirò náà jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ yà sósì, ẹ na ọwọ́ tipẹ́, ẹ wẹ̀yìn, ẹ rọra máa sún sí àárín. Bí èrò bá pọ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ fi ẹsẹ̀ sọdá. Kò sí ẹni tó máa fi yín ṣẹ̀sín. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù nìkan ni kí ẹ máa yà fún pátápátá.

Òfin ibẹ̀ kò gbà kí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ máa lo fóònù tàbí kó ṣí agbòòrùn. Ọtí ńkọ́? Wọn ò fẹ́ rí i lára ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ rárá, bó ti wù kó kéré mọ, owó ìtanràn sì wà fún un. Bí ẹ bá fẹ́ mu bíà alẹ́, ẹ ti kẹ̀kẹ́ padà sílé àlejò ná.

Àwọn ọ̀nà tí mo máa tọ́ka yín sí

Bó bá jẹ́ àárọ̀ kan ṣoṣo lẹ ní, òpópónà Hai Bà Trưng ni kí ẹ gbà, kí aago mẹ́fà tó lù. Ẹ kọjú sí àríwá láti àárín ìlú, ẹ má yà. Ilé á máa dín kù, dín kù, títí wọ́n á fi tán lójijì, oko ìrẹsì á sì ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ní wákàtí yẹn, ìkùukùu ṣì máa ń wà lójú omi. Ẹfọ̀n omi á máa jẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn lékeléke á sì dúró tì í bí wọ́n ṣe máa ń dúró ti màlúù lọ́dọ̀ wa. Mo sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, mo sì dúró títí oòrùn fi yọ. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ nìyẹn: ẹ lè dúró nígbà tó bá wù yín, awakọ̀ kankan ò ní máa wo aago.

Nígbà tí ẹ bá rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 3, ẹ máa kan abúlé Trà Quế. Imú yín ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín, torí ewébẹ̀ olóòórùn ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ń ta sánsán bí ẹfinrin gẹ́lẹ́. Ebè kéékèèké ni, wọ́n tẹ́ wọn bí ẹní. Koríko inú omi tí wọ́n ń wọ́ jáde láti inú adágún tó wà nítòsí ni ajílẹ̀ wọn. Àwọn àgbẹ̀ á gbé ọ̀pá lé èjìká, agbè ìbomirin kan níwájú, ìkan lẹ́yìn, wọ́n á máa rìn láàárín ebè, omi á máa tú jáde lọ́tùn-ún lósì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2024, àjọ ìrìn-àjò afẹ́ ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè kà á mọ́ àwọn abúlé tó dára jù lágbàáyé fún àlejò. Oko ẹni ẹlẹ́ni ni o: ẹ ti kẹ̀kẹ́ gba ojú ọ̀nà, ẹ má tẹ ebè, kí ẹ sì kí wọn kí ẹ tó ya fọ́tò.

Láti Trà Quế, ẹ padà sójú Hai Bà Trưng, ẹ gun afárá, òkun An Bàng ti kù díẹ̀. Wọ́n á pè yín láti páàkì. 5,000 sí 10,000 đồng ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, ẹ kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó le. Òkun kejì wà ní Cửa Đại, ṣùgbọ́n omi ti jẹ ilẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀, àpò iyanrìn ni wọ́n fi ń dá a dúró. An Bàng ni mo máa yàn.

Ọ̀nà kejì tí mo fẹ́ràn jù ni erékùṣù Cẩm Kim, lódìkejì odò. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń sọdá tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ afárá. Ẹ lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Abúlé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọ́n ń pè ní Kim Bồng wà níbẹ̀. Ìran wọn ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé onígi tí ẹ rí nínú ìlú àtijọ́, wọ́n sì ń kan ọkọ̀ ojú omi títí dòní. Ẹ máa gbọ́ òòlù kí ẹ tó rí ẹni tó dì í mú. Lẹ́yìn abúlé náà, ọ̀nà tóóró tí wọ́n fi kọ́ńkéré ṣe ló kù, ó ń gba àárín ọgbà àgbàdo àti ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọdé á sì máa juwọ́ sí yín. Ọ̀nà á dà rú mọ́ yín lójú. Kò burú. Ẹ ti wa máàpù Google sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, bí ó bá sì tún dà rú mọ́ yín lójú, abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: ẹ sọ «Hội An?» kí ẹ na ọwọ́, wọ́n á tọ́ka.

Ibi méjì mìíràn wà. Thanh Hà wà níhà ìwọ̀ oòrùn, nǹkan bíi kìlómítà 3. Ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ń mọ níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì sì wà fún àlejò. Cẩm Thanh wà níhà ìlà oòrùn, igbó ọ̀pẹ inú omi ni, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ roboto tí wọ́n fi ọparun hun bí apẹ̀rẹ̀ gbé èèyàn kiri. Orin ariwo pọ̀ lójú omi níbẹ̀ láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ gbọ́dọ̀ ti dé kó tó di ìgbà náà.

Ìlú àtijọ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láwọn wákàtí kan láàárọ̀, àti láti ọ̀sán títí di alẹ́, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ àti ọ̀kadà wọ àwọn òpópónà bíi Trần Phú àti Nguyễn Thái Học. Kẹ̀kẹ́ lè wọlé, ṣùgbọ́n lálẹ́, èrò á kún bí ọjọ́ ọjà, kò sí bí ẹ ṣe máa gùn ún. Ẹ páàkì síta kí ẹ fẹsẹ̀ rìn. Tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ilé àtijọ́ jẹ́ 120,000 đồng fún àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ jẹ cao lầu, ońjẹ tó jẹ́ pé Hội An ló ni ín: núdù rẹ̀ nípọn, ó sì le díẹ̀ lẹ́nu, wọ́n gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ewébẹ̀ Trà Quế sórí rẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ gbà pé omi kànga Bá Lễ ló yẹ kí wọ́n fi ṣe é.

Níbi tí ẹ bá páàkì sí

Àṣìṣe kan ṣe mí níbi òkun, kò sì yẹ kó ṣe yín. Mo jáde láti inú omi, mo rí kẹ̀kẹ́ bí ọgọ́ta tí wọ́n tò, gbogbo wọn ní apẹ̀rẹ̀ níwájú, gbogbo wọn jọra. Mo ń fi kọ́kọ́rọ́ mi gbìyànjú lára ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí mo máa fi rí tèmi, ó ti lé ní ìdajì wákàtí, ara mi sì ti gbẹ fún iyọ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń ya ankara tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo sì máa ń so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ ní gbogbo ìlú.

Wọ́n lè fún yín ní bébà kékeré tó ní nọ́ńbà, wọ́n á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà kan náà sára àga kẹ̀kẹ́. Ẹ má sọ bébà náà nù. Ẹ má sì fi báàgì sílẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń gùn, ẹ yí okùn báàgì mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí ọ̀kadà kan lè kọjá kó já a gbà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Bí táyà bá jò

Ẹ má gùn ún mọ́, ríìmù á tẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ tì í. Kò ní pẹ́ tí ẹ máa rí ẹni tó gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n kọ «bơm vá» síwájú rẹ̀. Fọganáísà ni, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú tiwa: abọ́ omi, tíúbù tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ láti wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ, sáńpépà, gọ́ọ̀mù. Ẹ béèrè «bao nhiêu?» kó tó fọwọ́ kàn án. Bí nǹkan tó bàjẹ́ bá ju táyà lọ, ẹ pe ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti háyà rẹ̀, torí náà ẹ ti gba nọ́ńbà wọn láàárọ̀.

Dídá a padà

Ẹ béèrè wákàtí tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ lọ. Ilẹ̀ tètè máa ń ṣú níbẹ̀, pàápàá láàárín oṣù ìkọkànlá sí oṣù kìíní, nígbà tí oòrùn máa ń wọ̀ kó tó di aago mẹ́fà. Àwọn ọ̀nà àárín oko ò sì níná. Ẹ gbéra padà nígbà tí òjìji yín bá ti gùn ju yín lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo kẹ̀kẹ́ níṣojú yín, ẹ fi fọ́tò àárọ̀ hàn bí àríyànjiyàn bá wà, ẹ gba ohun ìdógò yín, ẹ kà á. Ẹ wo inú apẹ̀rẹ̀ bóyá omi tàbí fìlà yín ṣì wà níbẹ̀. Kí ẹ tó fà á lé wọn lọ́wọ́, ẹ tú ankara yín kúrò lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́.